Ọ̀dà Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, ọkùnrin òyìnbó kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ bàbá mi sókè, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo mọ̀ pé àwọ̀ aró kọ́ ni ọkọ̀ náà gbé jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀. Níbi tí oòrùn kò dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, irin rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí àgbàdo tó gbó sóko.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi mọ ọkọ̀ yẹn. Òun ni wọ́n fi gbé mi wálé láti ilé ìwòsàn ní ọdún 1990. Òun náà ni bàbá mi fi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, tí mo sì fi sunkún nídìí jíà rẹ̀ tó le koko. Gbogbo fọ́tò tó wà nílé wa tí ọkọ̀ náà bá wà nínú rẹ̀, bí aṣọ etù ló ṣe rí, dúdú tó ń fi aró hàn bí oòrùn bá bà á. Nítorí náà, nígbà tí mo rí àwọ̀ rúsúrúsú yẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ṣe mí bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó kan rí kí wọ́n tó fẹ́ màmá mi.

MGB GT ni ọkọ̀ náà, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é. Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yé, ìlú Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ MG nígbà náà. Ọdún 1962 ni MGB tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká kọ́kọ́ jáde. Ní 1965 ni GT tó ní òrùlé líle tẹ̀lé e, tí ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì sì bá wọn lọ́wọ́ sí bí òrùlé náà yóò ṣe rí. Títí di ọdún 1980 tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Abingdon pa, MGB tí wọ́n ti ṣe lé ní 500,000. Kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́lá rárá. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè rà á bó bá fara balẹ̀ tọ́jú owó. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sì lágbára tó bí ìrísí rẹ̀ ṣe ń lérí. Àga méjì ló wà níwájú. Èyí tó wà lẹ́yìn, ọmọdé tí kì í bínú nìkan ló lè jókòó síbẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọ̀pọ̀ ọdún bínú níbẹ̀.

Bàbá mi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970, ọdún tí ogun abẹ́lé parí nílé, láti wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Lọ́sàn-án wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, lóru wọ́n ń to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà ń dá àjọ. Gbogbo ẹni tó kó àjọ ṣáájú bàbá mi ló fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ sí Ìbàdàn, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ nílé. Nígbà tó kan bàbá mi ní 1975, wọ́n fi tiwọn ra ọkọ̀ tí kò lè gbé ẹrù, tí kò sì lè gbé ẹni mẹ́ta kí ara dẹ̀ wọ́n. Bàbá Kékeré, àbúrò wọn tó tẹ̀lé wọn wá ní 1973, sọ fún mi pé odidi ọdún kan ni àwọn ẹgbẹ́ alájọ fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó kó àjọ tán, ó lọ ra bàtà onítáyà mẹ́rin.

Bàbá mi kú ní 2022. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún màmá mi, wọ́n fi gbogbo ìwé wọn sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà sì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èmi. Ọkọ̀ náà wà nínú gáréèjì fún odidi ọdún kan ààbọ̀ kí n tó lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láìsunkún. Nígbà tí mo ṣí i, ìpẹtà ti ń jẹ irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì. Ibi tó léwu jù lọ nínú irú ọkọ̀ yẹn nìyẹn, nítorí pé kò ní ẹ̀gbẹ́ irin ọ̀tọ̀ tó gbé e dúró lábẹ́: ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni egungun rẹ̀, tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá sì ti jẹrà, bí ilé tí òpó rẹ̀ jẹrà ni. Iṣẹ́ irin di dandan. Bí a bá sì gé irin, tí a jó o pọ̀, a ó kùn ún. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣe wọlé.

Pupa ni mo fẹ́. N kò ní í purọ́ fún yín. Pupa fòò, irú èyí tí ènìyàn ń rí láti ìkòríta kejì. Ìdí rẹ̀ kò ju pé láti ọjọ́ tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́, "ọkọ̀ bàbá rẹ" ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ará àdúgbò pè é bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà, yóò di tèmi.

Kunlékunlé náà kò fara mọ́ ìyára mi. Ó ní àwọ̀ yíyípadà kì í ṣe aṣọ pípààrọ̀. Ẹni tó bá kun ìta ọkọ̀ nìkan, ìgbàkígbà tó bá ṣí ilẹ̀kùn ni àwọ̀ àtijọ́ yóò máa yọjú láti etí ilẹ̀kùn, láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, láti inú búùtù. Bí a bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnì yóò jáde, gíláàsì yóò jáde, gbogbo rọ́bà àti irin dídán yóò kúrò lára rẹ̀. Owó tó dá lé mi lé ní £8,000, èyí tó jẹ́ bíi ìdajì ohun tí ọkọ̀ náà lè tà lọ́jọ́ tó bá dára. Ó fi kún un pé ẹni tó kun ọkọ̀ yìí ní búlúù tẹ́lẹ̀ gbìyànjú, nítorí pé ó fi búrọ́ọ̀ṣì dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò ká kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n tó pinnu, kí n kọ̀wé sí British Motor Museum ní Gaydon, níbi tí wọ́n tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà sí. Ènìyàn á san owó díẹ̀, wọn á sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà àti àwọ̀ tó gbé jáde.

Ìwé náà dé. Harvest Gold ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wúrà ìkórè.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ aṣírò-owó, yọ̀ mọ́ ìròyìn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kí n dá ọkọ̀ padà sí àwọ̀ tó bá ìwé mu, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ ń wò ni pé ṣé àwọ̀ àti ìwé bára mu. Mo ní, "Bọ̀dá mi, n kò tà á." Ó ní gbogbo ẹni tó ta nǹkan ló ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n kùn ún ní àwọ̀ ewé, nítorí pé àwọ̀ ewé ni ọkọ̀ eré ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Ní 1903, nígbà tí ó kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gbàlejò eré ìje Gordon Bennett, òfin wọn kò gbà kí wọ́n sá eré ìje lójú títì, wọ́n bá gbé e lọ sí ilẹ̀ Áyálándì, àwọ̀ ewé tí wọ́n lò sì jẹ́ láti bu ọlá fún àwọn onílé. Láyé ìgbà náà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀: Faransé ní búlúù, Jámánì ní funfun, Ítálì wá gba pupa lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó rántí bi àwa láwọ̀ tí a fẹ́.

Pupa ṣì wà lọ́kàn mi. Ohun tó yí i padà ni ìwé kékeré kan.

Nínú àpótí kékeré tó wà níwájú àga èrò ni bàbá mi ń tọ́jú ìwé tí wọ́n fi ń kọ epo rírà sílẹ̀. Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ọjọ́, iye gálọ́ọ̀nù, iye máìlì, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bírò tó tín-ín-rín, ọwọ́ ẹnjiníà. Létí àwọn ọjọ́ kan, wọ́n kọ lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo: Ọ. Mo ti mọ ìwé náà tipẹ́. Èrò mi ni pé Ọ dúró fún ọ́ìlì, nítorí pé irú ẹ́ńjìnì yẹn fẹ́ràn àti máa mu ọ́ìlì. Mo tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀rín fún kunlékunlé náà pé ẹ́ńjìnì bàbá mi jẹ́ ọ̀mùtí.

Mo gbé ìwé náà lọ fún Bàbá Kékeré, kí wọ́n lè bá mi wá ibi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ tí wọ́n kun ọkọ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n yí ojú ewé bíi mẹ́rin, wọ́n sì bọ́ jígí ojú wọn.

"Kí lo pe Ọ yìí?"

"Ọ́ìlì, sà."

"Ọ́ìlì kẹ̀? Ọlọ́pàá nìyẹn."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, láìwo ojú mi. Wọ́n ní kí n fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú ọkọ̀ eré aláwọ̀ wúrà, ní ìlú tí àwọ̀ gbogbo ọkọ̀ mìíràn dà bí eérú. Kò sí títì tí bàbá mi lè gbà tí ojú kò ní í tẹ̀lé wọn. Òru ni wọ́n sábà máa ń dá wọn dúró, bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ta ló ni ọkọ̀? Níbo lo ti rí owó rẹ̀? Kí ló wà nínú búùtù? Bàbá mi kò jẹ́ jáde láìkó ìwé ọkọ̀, ìwé rísíìtì àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ sínú àpò ẹ̀wù, ní apá òsì, kí ọwọ́ lè tètè dé ibẹ̀. Wọ́n kọ́ Bàbá Kékeré náà bẹ́ẹ̀: má sáré fa nǹkan yọ, sọ ohun tí o fẹ́ mú kí o tó mú un.

Ní oṣù Kejì ọdún 1979, nínú ọ̀gìnnìtìn tí àwọn tó wà níbẹ̀ ò lè gbàgbé, àwọn ọlọ́pàá kan dá bàbá mi dúró ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Wọ́n tú àga méjèèjì kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n kó wọn sórí yìnyín, wọ́n wá ohun tí wọ́n ń wá, wọn kò rí i, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn to àga padà. Bàbá Kékeré ní nígbà tí wọ́n délé, ọwọ́ wọn kò lè di ife tíì mú. Kí oṣù náà tó parí, bàbá mi ti bá ọkùnrin ará Jàmáíkà kan tó ń kun ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọ̀ tí òru lè gbé mì ni àwọn fẹ́.

Ní ọdún 1824, wọ́n ṣe òfin kan nílẹ̀ yìí tó ń jẹ́ Vagrancy Act. Abala kẹrin rẹ̀ fún ọlọ́pàá láyè láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ń rìn kiri pẹ̀lú èrò ọ̀daràn, láìjẹ́ pé ó tíì ṣe ohunkóhun. "Sus" ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ń pè é, orí wọn ló sì ń já lé jù. Ọdún 1981 ni wọ́n pa apá ibẹ̀ rẹ́ nínú ìwé òfin, ọdún kan náà tí Brixton gbóná. Ti ọkọ̀ tún yàtọ̀ sí èyí: ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ dúró láti wo ìwé awakọ̀, nígbà náà àti lónìí. Mo ti kà nípa gbogbo èyí nílé-ẹ̀kọ́, mo tilẹ̀ ti kọ àròkọ lé e lórí, mo sì gba máàkì tó dára. N kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó, mo ka àwọn Ọ náà. Láti oṣù Kẹjọ 1975 sí oṣù Kẹrin 1979, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kùn ún títí di 1983 tí ìwé náà kún, méje péré.

Ẹ lè fojú inú rí bí pupa ṣe kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí mo fẹ́ kí ayé rí mi láti ìkòríta kejì! Bí Bàbá Kékeré ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ti pinnu: wúrà ni. N ó dá a padà fún bàbá mi. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ipá gbà lọ́wọ́ wọn kò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n èyí ní orúkọ, ó sì wà nínú ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìtàn náà lórí fóònù, kò sọ ọ̀rọ̀ owó mọ́. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀gúsí lórí tábìlì nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi láìdá mi lẹ́nu, wọ́n ń ju èyí tí kò dára sínú àwo kékeré. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní:

"Òótọ́ ni Bàbá Kékeré rẹ sọ. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n mọ̀."

Màmá mi wá láti Ìsẹ́yìn, bàbá wọn jẹ́ ahunṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, wọ́n ṣì wà nílé, wọ́n ń dúró de ìwé ìrìnnà tí wọn yóò fi wá bá bàbá mi. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ bàbá mi pé àwọn fẹ́ kun ọkọ̀, pé àwọ̀ tó ṣókùnkùn ni kó jẹ́, kí màmá mi sọ èyí tí wọ́n fẹ́. Bàbá mi kò sọ ìdí. Màmá mi gé etí aṣọ etù tí bàbá wọn hun fún ìgbéyàwó wọn, ó tó ìbú ìka méjì, wọ́n sì fi í sínú lẹ́tà. Ìyẹn ni bàbá mi mú lọ fún ará Jàmáíkà náà pé kó po ọ̀dà títí yóò fi bá a mu. Nígbà tí màmá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kẹrin, ọkọ̀ tó wá gbé wọn wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú wọn.

"Ìwọ," ni wọ́n wí, "àwọ̀ tí bàbá rẹ fi sá pamọ́ lò ń wò. Èmi, aṣọ ìgbéyàwó mi ni mò ń wò. Ọdún mélòó ni mo fi jókòó nínú rẹ̀?"

Mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n nípa ti àwọn Ọ, bó ṣe lọ sílẹ̀ láti mẹ́tàlélọ́gọ́ta sí méje. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀dà kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yẹn o, àwọn ni. Wọ́n ní bí obìnrin tó wé gèlè bá jókòó ti ọkùnrin nínú ọkọ̀, ọlọ́pàá á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọn fèrè. Bàbá Kékeré kò gbà. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí, n kò sì mọ ẹni tó jàre.

Mo bi màmá mi pé kí wá ni kí n ṣe. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tìẹ mà ni." Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Kò tíì sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà láàárín. Bí mo bá kun ọkọ̀ ní wúrà, mo ti pa aṣọ ìgbéyàwó màmá mi rẹ́. Bí mo bá fi etù sílẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i pé òru yẹn nínú yìnyín ló yẹ kó ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ohun tí bàbá mi fi owó àjọ rà. Mo gbìyànjú láti bi ara mi léèrè ohun tí bàbá mi ìbá fẹ́. Ìbéèrè tí kò wúlò ni, nítorí pé bàbá mi ní ọdún mẹ́tàlélógójì láti fi dá àwọ̀ wúrà náà padà, wọn kò sì ṣe é. Ṣé etù ti wọ̀ wọ́n lára ni? Ṣé ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀ ni? Ṣé owó ilé-ẹ̀kọ́ wa ni? Wọn kò kọ lẹ́tà kankan sí etí ìyẹn nínú ìwé epo.

Kunlékunlé náà ló ràn mí lọ́wọ́, láìmọ̀. Ó kun páálí irin méjì fún mi, ọ̀kan ní wúrà, ọ̀kan ní etù, ó ní kí n má wò wọ́n nínú ilé, nítorí pé iná ilé máa ń purọ́ fún àwọ̀. Ó ní kí n gbé wọn síta láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Mo gbé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé màmá mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nígbà tí wọ́n rí wúrà náà nínú oòrùn ni, "Dánfó!" Wọ́n ní kí n rí i pé mo fa ilà dúdú méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí èrò gbé ní Ọ̀jọ́ta. A jọ rẹ́rìn-ín títí ojú fi ń ṣomi. Mo fi wé sányán láti gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ ahunṣọ ní sányán kì í pọ́n báyìí, kí n má bú sányán.

Nírọ̀lẹ́, a gbé àga jáde, a sì jókòó. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, etù ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó wọ inú odi tó fẹ̀yìn tì, a kò sì rí i mọ́. Wúrà náà dúró. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, òun nìkan ni ohun tí a lè rí ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé náà. Màmá mi wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"N bá fẹ́ kí wọ́n bi mí ní àwọ̀ tí mo fẹ́," ni wọ́n wí, "nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lé wọn."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní, "Dá a padà. Ṣùgbọ́n má pa tèmi rẹ́."

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Gbogbo ọkọ̀ di wúrà, àfi inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí a ń gbé sókè bí a bá fẹ́ kó ẹrù sí búùtù. Ibẹ̀ nìkan ni etù wà. Kunlékunlé náà kò fẹ́ ẹ. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò rò pé ọ̀dà tán lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti bu owó kù lórí iye tí ọkọ̀ lè tà. A jọ gbọ́ wọn, a kò sì dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ náà gba oṣù mẹ́rin. Ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní cellulose ni mo fẹ́, èyí tó ń gbẹ nítorí pé omi tó pò ó ń fẹ́ lọ, tí a sì ń fi ọwọ́ dán. Ó ṣàlàyé pé èyí tó wọ́pọ̀ lóde òní, tí wọ́n ń po ohun méjì pọ̀ kó tó lè le, ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kẹ́míkà inú rẹ̀ lè fún kunlékunlé ní ikọ́ fée bí kò bá lo ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta. Ẹ̀yin tí ẹ ní páńẹ́bítà ládùúgbò tó ń fọ́n irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú aṣọ àkísà lẹ́nu, ẹ bá mi sọ fún un. Ọjọ́ tó fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ó pè mí kí n wá wò ó kó tó há gbogbo rẹ̀ kúrò. Níbi tó ti há a jìn, ó rí roboto bí ojú igi tí wọ́n gé: etù létí, wúrà tẹ̀lé e, eérú ọ̀dà ìpìlẹ̀ láàárín, irin nínú lọ́hùn-ún. Bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Mo kọ àwọ̀ tuntun náà sí ìwé ọkọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí DVLA, nítorí pé òfin ní kí wọ́n mọ̀ bí ọkọ̀ bá pààrọ̀ àwọ̀. Wọn kì í gba owó fún un. Mo sọ fún àwọn adójútòfò náà. Ìwé tuntun dé, "gold" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, mo lọ gbé Bàbá Kékeré. Ọmọ ọdún méjìlélàádọ́rin ni wọ́n, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó lè tẹ̀ wọ inú àga tó sún mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ náà, wọn kò sọ nǹkan kan. A yí àdúgbò tí wọ́n ti jọ gbé ká, wọ́n ń tọ́ka sí àwọn ilé: ibí yìí ni a ti dá àjọ, ibí yìí ni ará Jàmáíkà yẹn ti ṣiṣẹ́. Níbi iná tó ń darí ọkọ̀, a dúró. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa. N kò kà á sí. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn sí ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré ni mo rí i pé ọwọ́ wọn ti wà nínú àpò ẹ̀wù, ní apá òsì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ìwé kan jáde. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wọn ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni mo wà nídìí sítíárì.

Ọlọ́pàá náà, ọ̀dọ́mọdé ọkùnrin kan, yọ gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè sí wa. Iná tàn. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Kékeré di ìwé náà mú lórí itan wọn títí a fi délé.